Oníbodè Òfurufú: Ìtàn Bí Bàálù Ogun Ṣe Ń Lọ Pàdé Bàálù Tí A Kò Mọ̀

Orílẹ̀-èdè tó ni ilẹ̀ ló ni òfurufú tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ohun tí òfin àgbáyé ń sọ láti ọdún 1919 nìyẹn, ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà kò lójú rárá. Ní ọdún 1908, àwọn bàlúùnù ńlá tó gbéra ní Jámánì ń ré ààlà kọjá wọ ilẹ̀ Faransé léraléra, àwọn ọ̀gá ológun Jámánì sì wà nínú díẹ̀ lára wọn. Ìjọba Faransé fajú ro. Wọ́n pe àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ sí Paris ní ọdún 1910 láti yanjú ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó péjọ kò sì lè fẹnu kò: àwọn kan ní kò sẹ́ni tó ni òfurufú, àwọn mìíràn ní onílẹ̀ ló ni ín títí dókè. Ogun Àgbáyé Kìíní ló parí àríyànjiyàn náà. Nígbà tí bọ́ǹbù ti ń já bọ́ láti òkè, kò tún sí ìjọba tó fẹ́ gbọ́ pé ti gbogbo ayé ni òfurufú. Àdéhùn Paris ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ọdún 1919, gbé àṣẹ òfurufú lé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Àdéhùn Chicago, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 1944, tún un sọ. Lójú òkun, àṣẹ náà kì í kọjá omi tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, èyí tó jẹ́ máìlì òkun 12, bíi kìlómítà 22, láti etíkun lónìí.

Òfin wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú òfin ṣẹ níbi tí àkàbà kò dé? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fojú winá ìbéèrè náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kìíní, ọdún 1915, àwọn Zeppelin, ìyẹn àwọn ọkọ̀ afẹ́fẹ́ gbàǹgbà tí Jámánì ń lò, ju bọ́ǹbù sí Great Yarmouth àti King's Lynn ní etíkun ìlà-oòrùn; kí oṣù Karùn-ún tó parí, wọ́n ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ̀ẹ́sì ní bàálù, ó ní ìbọn, ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí àyà kì í já. Ohun tí kò ní ni ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ àfi tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, bàálù ìgbà náà sì lọ́ra láti gòkè débi pé kó tó dé ibi tí Zeppelin wà, Zeppelin ti ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kọrí sílé. Ní òru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1916, William Leefe Robinson já ọkọ̀ afẹ́fẹ́ SL 11 lulẹ̀ ní Cuffley, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tó ti ń káàkiri nínú òkùnkùn kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross, ó sì tọ́ sí i, àmọ́ oríire kó ipa tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbìyànjú láti fi etí wá ọ̀tá. Ní Denge, létí òkun Kent, ògiri kọnkéré kan ṣì dúró dòní tó gùn tó mítà 60, tí wọ́n tẹ̀ sínú kí ìró ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀ láti ojú òkun lè kóra jọ síwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n to ẹ̀rọ agbóhùn sí. Ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí bàálù ṣe ń yára sí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni àkókò ìkìlọ̀ tí ògiri náà ń fúnni ń kúrú, títí ó fi di ohun àwòṣífìlà lásán.

Ara rédíò ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ọdún 1935, Robert Watson-Watt àti Arnold Wilkins gbé ẹ̀rọ agbàgbì wọn lọ sí pápá kan nítòsí Daventry, níbi tí iléeṣẹ́ BBC ní òpó rédíò ńlá sí. Bàálù Heyford kan ń lọ ó ń bọ̀ lókè. Bó ṣe ń kọjá, ìgbì rédíò BBC ń lù ú, ó sì ń ta padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n láti bíi kìlómítà 13. Nígbà tí ogun fi máa bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, ọ̀wọ́ òpó tó ń lo ọgbọ́n yìí, ìyẹn réédà, tí wọ́n ń pè ní Chain Home ti tò sí etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti gúúsù lọ sí àríwá.

Réédà nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà o. Jámánì náà ní réédà, tó sì dára. Ohun tí Hugh Dowding, ọ̀gá àgbà Fighter Command, ẹ̀ka bàálù ìjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1936, fi yọrí ni ètò tó so réédà mọ́ etí àti ẹnu èèyàn. Ìròyìn láti àwọn òpó ń gba orí tẹlifóònù lọ sí Bentley Priory, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ṣà á, tí wọ́n ń yọ àṣìṣe àti àsọtúnsọ kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Bàálù tó bá ti kọjá etíkun wọ inú ilẹ̀, réédà kò rí i mọ́, nítorí ojú òkun ni àwọn òpó náà kọ sí; àwọn Observer Corps, tí wọ́n jẹ́ ará ìlú lásán, ló ń fi ojú àti awò tọpa rẹ̀.

Nínú yàrá ìdarí, wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ńlá kan sórí tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin WAAF, ẹgbẹ́ obìnrin ti ológun òfurufú, dúró yí i ká, wọ́n de ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, wọ́n sì mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń ti àwọn àmì kéékèèké síwájú sẹ́yìn. Aago ara ògiri wà níwájú wọn tí wọ́n kùn ní pupa, yẹ́lò àti búlúù, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Àwọ̀ tí ọwọ́ aago bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí ìròyìn wọlé, àwọ̀ yẹn náà ni àmì tí wọ́n máa gbé sórí tábìlì gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀gá tó jókòó lókè tó ń wo tábìlì náà kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bí ìròyìn kan ti pẹ́ tó. Àwọ̀ ti sọ fún un. Òun ni yóò wá bá àwọn awakọ̀ bàálù sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kí wọ́n kọjú síbí, kí wọ́n gòkè dé ibi báyìí. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn títí dòní. Ẹni tó ń wa bàálù kọ́ ló ń wá àlejò kiri. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ ló ń darí rẹ̀ lọ bá a.

Ètò náà kò tíì jinná tán tó fi gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun, ìròyìn wọlé pé bàálù àjèjì ń bọ̀ lápá Essex. Wọ́n rán àwọn bàálù ogun Hurricane ti ẹgbẹ́ 56 jáde láti North Weald. Wọ́n tún rán àwọn Spitfire ti ẹgbẹ́ 74 jáde láti Hornchurch. Kò sí Jámánì kankan lókè ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn Spitfire rí Hurricane méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù, wọ́n pè wọ́n ní ọ̀tá, wọ́n sì yìnbọn. Hurricane méjèèjì já, Montague Hulton-Harrop tó wà nínú ọ̀kan sì kú. Bàálù àkọ́kọ́ tí Spitfire já lulẹ̀ nínú ogun náà, bàálù Gẹ̀ẹ́sì ni. Kóòtù ológun dá àwọn tó yìnbọn sílẹ̀, ó sì ṣòro láti bá kóòtù náà wíjọ́, nítorí kò sí ohun èlò kankan lọ́wọ́ wọn tó lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé ará ilé ni wọ́n ń lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni fífi IFF sínú bàálù di kánjúkánjú. Àpótí kékeré ni IFF, ó ń dáhùn nígbà tí ìgbì réédà bá kàn án, kí àmì bàálù ará ilé lè yàtọ̀ lójú réédà. Àtọmọdọ́mọ àpótí yẹn ni transponder tó wà nínú gbogbo bàálù èrò lónìí, tó ń sọ nọ́ńbà bàálù àti bó ti ga tó fún àwọn tó wà nílẹ̀.

Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ṣì rọrùn ní ìgbà ogun: bàálù tí kì í bá ṣe tiwa, ọ̀tá ni. Ohun tó tẹ̀lé ọdún 1945 ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Amẹ́ríkà àti Soviet kò dojú ìjà kọ ara wọn, wọn kò sì fọkàn tán ara wọn. Bàálù tó gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì lè dé láàárín wákàtí díẹ̀, bàálù tó gbé ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé náà sì ń gba ojú ọ̀run kan náà. Kò ṣeé ṣe láti yìnbọn sí gbogbo ohun tó bá yọjú, kò sì ṣeé ṣe láti fọwọ́ lẹ́rán. Ipò oníbodè ayé àtijọ́ ni awakọ̀ bàálù ogun wá bọ́ sí: kó mọ ẹni tó dé, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń rè, kó sì jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ojú ń bẹ lára òun. Kí ìbéèrè náà má baà pẹ́ jù, ní ọdún 1950 Amẹ́ríkà sàmì sí apá kan òfurufú tó wà lórí òkun lóde ààlà rẹ̀, ó sọ ọ́ ní ADIZ, ó sì ní kí bàálù tó bá ń gba ibẹ̀ bọ̀ sọ ara rẹ̀ di mímọ̀. Kánádà àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ṣáínà kéde tirẹ̀ lórí Òkun Ìlà-Oòrùn Ṣáínà ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, ọdún 2013. Kò sí àdéhùn àgbáyé kankan tó dá ADIZ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní bàálù tí yóò fi lọ wo ẹni tó wọ inú rẹ̀ ló ń ṣe é, abájọ tí ìjà ẹnu kò fi tán lórí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, QRA ni wọ́n ń pe ìmúrasílẹ̀ láti lọ pàdé irú àlejò bẹ́ẹ̀. Láti Lossiemouth ní Scotland àti Coningsby ní Lincolnshire ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí pẹ̀lú bàálù Typhoon. Àwọn Lightning, Phantom àti Tornado ló ti ṣe é ṣáájú. Bàálù náà wà nínú ilé tirẹ̀, epo kún inú rẹ̀, mísáìlì gidi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ ń jẹ, ó ń mu, ó ń sùn nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, títí kan ọjọ́ Kérésìmesì. Bí aago bá dún, eré ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń wà láàárín aago àti ìgbéra, ẹni tó ń sáré náà kì í sì mọ ohun tó ń lọ bá. Ohùn tó ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀ ni yóò sọ fún un lójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kí táyà tó kúrò nílẹ̀ ni wọ́n máa ní kó padà, torí pé àlejò ti dáhùn tàbí ó ti yí orí.

Láàárín Iceland àti Scotland, àlejò tí wọ́n sábà ń pàdé ni Tu-95, bàálù ajubọ́ǹbù Rọ́ṣíà tí NATO ń pè ní Bear. Ọdún 1952 ló kọ́kọ́ fò, ó ṣì ń fò. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí abẹ̀bẹ̀ méjì lódìlódì ara wọn, ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bàálù ogun tó lọ pàdé rẹ̀ kì í já lù ú láti iwájú. Ẹ̀yìn ló ń gbà bọ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò ka nọ́ńbà ara rẹ̀, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò wo ohun tó so mọ́ abẹ́ rẹ̀, yóò sì máa bá a rìn títí yóò fi kúrò ládùúgbò. Láyé Soviet, wọ́n a máa juwọ́ síra wọn láti ojú fèrèsé. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfurufú tí kì í ṣe ti ẹnì kan ni Bear ń gbà, kò sì rú òfin. Ohun tó ń kọ èèyàn lóminú ni pé transponder rẹ̀ sábà máa ń wà ní pípa, kì í sì í sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà, bẹ́ẹ̀ àwọn bàálù èrò tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń gba àgbègbè kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje, ọdún 1955, bàálù èrò Constellation ti iléeṣẹ́ El Al ṣìnà wọ òfurufú Bulgaria. Bàálù ogun MiG-15 méjì já a lulẹ̀, èèyàn 58 tó wà nínú rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ọdún 1973, ìjì iyanrìn gbé Boeing 727 ti iléeṣẹ́ Líbíà tó ń lọ sí Cairo gba orí Sinai, tó wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì nígbà náà. Àwọn Phantom Ísírẹ́lì juwọ́ sí i, wọ́n mi apá, wọ́n yìnbọn ìkìlọ̀. Àwọn awakọ̀ 727 náà rò pé ará Íjíbítì ló wá sin àwọn wọlé. Nínú èèyàn 113, 108 ló ṣègbé.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, bàálù tó kó oúnjẹ àti bàálù tó kó ìbọn jọ ń wọ Biafra, wọ́n sì ń bà sí Uli, níbi tí wọ́n ti sọ ojú títì di pápákọ̀. Òru ni wọ́n ń wọlé, torí pé MiG-17 ìjọba àpapọ̀ kò lè lé wọn nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 1969, DC-7 tí Red Cross ti Sweden ń lò wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. MiG-17 kan já a lulẹ̀ nítòsí Eket, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Bí Red Cross àgbáyé ṣe dá ìrìn-àjò bàálù rẹ̀ sí Biafra dúró nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ bàálù Korean Air Lines ló kó gbogbo àléébù iṣẹ́ náà jáde sí gbangba. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, ọdún 1978, Boeing 707 wọn tó ń bọ̀ láti Paris yà kúrò lójú ọ̀nà lókè Arctic, ó sì wọ òfurufú Soviet ní Kola. Bàálù ogun Soviet, Su-15, yìnbọn sí i, èèyàn méjì kú, awakọ̀ rẹ̀ bà á sórí adágún omi tó dì gbagidi, àwọn 107 yòókù sì yè é. Ó yẹ kí ìyẹn tó láti fi kọ́gbọ́n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1983, Boeing 747 wọn tó ń jẹ́ KAL 007 gbéra ní Anchorage lọ sí Seoul. Ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀ ń tẹ̀lé kọ́ńpáàsì lásán, dípò kó tẹ̀lé ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń yà díẹ̀díẹ̀ nìyẹn láìsí ẹni tó fura, títí ó fi kọjá lórí Kamchatka, ilẹ̀ Soviet, tó sì kọrí sí Sakhalin, ó ti fi ohun tó lé ní kìlómítà 500 kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Bàálù amí Amẹ́ríkà kan, RC-135, ti wà lágbègbè náà ní òru ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló sì wà lọ́kàn àwọn tó wà nídìí réédà Soviet. Gennadi Osipovich nínú Su-15 ni wọ́n rán lé e. Ó yin ọta 243 láti fi kìlọ̀, ṣùgbọ́n ọta tó wà nínú ìbọn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń tànmọ́lẹ̀, nítorí náà kò sí bí ẹni tó wà níwájú ṣe lè rí i nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó pe bàálù náà lórí ìgbì 121.5, tó jẹ́ ti pàjáwìrì fún bàálù gbogbo. Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, awakọ̀ ará Kòríà ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Tokyo láti gòkè láti ẹsẹ̀ bàtà 33,000 sí 35,000, wọ́n sì ti fún un. Gígòkè mú kí bàálù náà dẹ̀rìn, Su-15 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ré e kọjá. Lójú ẹni tó ń lé e, ó dà bíi pé ó ń yẹ̀ fún òun. Mísáìlì méjì ni Osipovich yìn. Èèyàn 269 ló kú. Lẹ́yìn tí Soviet ti tú ká, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun rí ìlà fèrèsé méjì lára bàálù náà, òun sì mọ̀ pé bàálù èrò ni. Òun kò sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀, wọn kò sì bi òun. Ètò tí wọ́n fi ń béèrè ẹni tó ń bọ̀ ti wà fún nǹkan bí ọdún 50, ẹni kan ṣoṣo tó ní ìdáhùn lọ́wọ́ ni kò sẹ́ni tó bi.

Ohun méjì jáde láti inú ikú yẹn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà, ìjọba Reagan ní Amẹ́ríkà kéde pé bàálù èrò yóò lè lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ọdún 1984, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìn-àjò bàálù, péjọ sí Montreal, wọ́n fi abala tuntun kan, 3 bis, sínú Àdéhùn Chicago. Ó ní kí orílẹ̀-èdè má ṣe yìnbọn sí bàálù ará ìlú tó wà lókè, pé bí wọ́n bá sì lọ dá a lọ́nà, ẹ̀mí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ewu. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó balẹ̀. Ọdún 14 ló gbà kí àwọn tó fọwọ́ sí i tó pé iye tó yẹ: ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọdún 1998, ni abala náà tó di òfin.

Ìlànà ICAO fún iṣẹ́ náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Bàálù ogun yóò ti ẹ̀yìn bọ̀, yóò dúró lápá òsì bàálù èrò, níwájú díẹ̀, lókè díẹ̀, níbi tí ọ̀gá awakọ̀ yóò ti rí i láìyíjú púpọ̀, kò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ju mítà 300 lọ. Yóò mi apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, yóò sì máa tan iná rẹ̀ tó ń pa á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, a ti dá ọ lọ́nà, tẹ̀lé mi. Ẹni tí wọ́n dá lọ́nà yóò mi apá tirẹ̀ náà, yóò sì tẹ̀lé e. Bí bàálù ogun bá yí ká orí pápákọ̀ kan tó sì ju ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí àlejò bà sí. Bí ojú ọ̀nà pápákọ̀ náà kò bá gba bàálù rẹ̀, àlejò yóò fò kọjá lórí rẹ̀, yóò ká ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè, yóò sì máa ṣẹ́ iná. Bí bàálù ogun bá ṣàdédé já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gòkè lọ láìgba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ní kó máa lọ. Orí ìgbì 121.5 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Fún àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn, ICAO ṣa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì péréte kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè há sórí: ti pé kó tẹ̀lé mi, kó sọ̀ kalẹ̀, kó balẹ̀, àti ti ẹni tí wọ́n dá lọ́nà, pé òun ti gbọ́, pé òun kò lè ṣe é, pé òun ti ṣìnà, tàbí pé wọ́n ti já òun gbà.

Àwọn Soviet fúnra wọn fi hàn bí ìṣọ́ra tuntun ṣe lè da nǹkan rú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 1987, Mathias Rust, ọmọ Jámánì tí kò tíì pé ọdún 19, wa Cessna 172 láti Helsinki lọ sí Moscow láìgba ìyọ̀ǹda. MiG-23 kan fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó sì kọjá lọ. Lẹ́yìn KAL 007, kò sẹ́ni tó fẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn sí bàálù kékeré bẹ́ẹ̀. Rust bà sórí afárá kan lẹ́bàá Red Square, àwọn èèyàn sì yí i ká. Gorbachev, olórí Soviet, yọ mínísítà ètò ààbò, Sergei Sokolov, àti ọ̀gá àgbà ìṣọ́ òfurufú, Alexander Koldunov, nípò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, wàhálà wá láti ibi tí wọn kò kọjú sí. Bàálù ogun 14 péré ló wà ní ìmúrasílẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà, láti ibùdó méje, ojú òkun sì ni iṣẹ́ wọn wà. Àwọn ajínigbé tó já bàálù gbà pa transponder ti bàálù èrò American 11, ó sì di àmì kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú réédà. Ní Andrews, lẹ́bàá Washington, Marc Sasseville àti Heather Penney gbé F-16 dìde láìsí mísáìlì, pẹ̀lú èrò pé bí àwọn bá rí United 93, bàálù èrò mìíràn tí wọ́n já gbà, àwọn yóò fi bàálù ara àwọn kọlù ú. Àwọn èrò inú rẹ̀ ti dojú ìjà kọ àwọn ajínigbé náà, ó sì ti já sí Pennsylvania kí wọ́n tó débẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tó nira jù ti wà nílẹ̀: ṣé ìjọba lè já bàálù tó kún fún èrò tirẹ̀ lulẹ̀? Jámánì ṣe òfin tó gbà á láyè. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ wọn fagi lé e: ìjọba kò lè fi ẹ̀mí aláìṣẹ̀ ra ẹ̀mí ẹlòmíràn, nítorí iyì ọmọ ènìyàn kò ṣeé díwọ̀n. Bùràsíìlì gba ọ̀nà mìíràn nítorí àwọn tó ń fi bàálù kékeré kó oògùn olóró gba orí igbó Amazon. Òfin wọn ti ọdún 1998, tí wọ́n ṣe ìlànà rẹ̀ ní ọdún 2004, gbà pé kí wọ́n yìnbọn, àmọ́ lẹ́yìn ìbéèrè, àṣẹ láti yí ọ̀nà padà, àti ìbọn ìkìlọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí bàálù ogun ń gbéra nítorí bàálù èrò, kò sí apániláyà níbẹ̀. Awakọ̀ ti yí ìgbì rédíò sí nọ́ńbà tí kò yẹ, ó sì ń lọ nínú ìdákẹ́jẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí bàálù Jet Airways tó ń lọ láti Mumbai sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì, ọdún 2017, pẹ̀lú èrò 330. Àwọn Jámánì rán bàálù ogun méjì lọ bá a, rédíò padà bọ̀ sípò, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí bàálù ogun náà bá ní láti sáré ju ìró lọ, ariwo rẹ̀ a mi fèrèsé nílẹ̀, àwọn ará ìlú a sì máa pe ọlọ́pàá pé nǹkan bú gbàmù.

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí ẹni tó lọ pàdé lè ṣe ju kó rí i lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, ọdún 2005, Boeing 737 ti iléeṣẹ́ Helios láti Cyprus dé orí Athens láìdáhùn ẹnikẹ́ni. F-16 méjì Gíríìsì lọ bá a. Láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé àga ọ̀gá awakọ̀ ṣófo, igbákejì rẹ̀ dorí kodò, ìbòmú afẹ́fẹ́ sì fì nínú yàrá èrò. Afẹ́fẹ́ inú bàálù ló ti tán, ọ̀pọ̀ wọn sì ti dákú. Wọ́n mi apá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wọ yàrá awakọ̀, Andreas Prodromou, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù, ó jókòó sí àga ọ̀gá awakọ̀. Epo ti tán nínú ẹ́ńjìnnì kan. Àwọn F-16 bá wọn lọ títí bàálù náà fi já sórí òkè kan ní Grammatiko. Èèyàn 121 ló kú. Ohun tí awakọ̀ F-16 rí wà lára ohun tí àwọn olùṣèwádìí fi mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò dín kù. Ní ọdún ìṣúná wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016, Japan rán bàálù jáde nígbà 1,168 láàárín oṣù 12, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ nítorí Ṣáínà. Láti oṣù Kẹta, ọdún 2004, tí Estonia, Latvia àti Lithuania wọ NATO láìní bàálù ogun tó lè ṣe é, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń gba iṣẹ́ náà ṣe ní ìpín, láti Šiauliai ní Lithuania, àti láti Ämari ní Estonia láti ọdún 2014. Ní ọdún 2022, bàálù NATO gbéra nígbà 570 ní Yúróòpù nítorí bàálù Rọ́ṣíà.

Dírónù ló wá fi kún un. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, dírónù Rọ́ṣíà bíi 20 wọ òfurufú Poland. F-16 Poland àti F-35 ilẹ̀ Netherlands já díẹ̀ lulẹ̀. Dírónù kò ní awakọ̀ tí wọ́n lè mi apá sí, kò gbọ́ 121.5, owó mísáìlì tí wọ́n sì yìn sí i ju owó rẹ̀ lọ fíìfíì. Ọjọ́ mẹ́wàá kò pé lẹ́yìn náà tí MiG-31 Rọ́ṣíà mẹ́ta wọ òfurufú Estonia fún ìṣẹ́jú 12, bí ìjọba Estonia ṣe sọ, láìtan transponder. F-35 ilẹ̀ Ítálì gbéra láti Ämari lọ pàdé wọn. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Rọ́ṣíà ní àwọn kò kọjá ààlà, Estonia sì ní kí NATO pe ìpàdé.